BÍ A ṢE LÈ FI ỌWỌ́ ARA WA TỌ́JÚ MẸ̀SÍ TÍ Ó TI DÀGBÀ

Láti ọwọ́ Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù kan

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé owó, ọ̀rọ̀ èlé àti ọ̀rọ̀ ìpàdé ọdọọdún ni mo sábà máa ń kọ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ di mẹkáníìkì. Nínú ìwé ẹ̀yáwó àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń yẹ̀ wò, ìdí kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ léraléra tí wọ́n bá fẹ́ yá owó: "àtúnṣe ọkọ̀." Ẹlòmíràn kò tíì san ti àkọ́kọ́ tán tí ó fi tún kọ̀wé béèrè fún èkejì, lórí ọkọ̀ kan náà. Bí mo bá sì béèrè irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Mẹ̀sí àtijọ́ ni, ọ̀gá."

N kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ni èmi náà. Ní 2016 ni mo ra Mercedes 230E kan tí wọ́n ṣe ní 1990, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní V-boot. Nígbà tí a wà ní kékeré, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni ọkọ̀ àwọn ìjòyè àti kọngílá. Owó tí mo sì fi ra tèmi kò tó ìdajì owó tòkunbọ̀ kékeré kan. Inú mi dùn, mo rò pé mo jèrè. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí owó ọkọ̀ bá tilẹ̀ wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a wálẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mẹkáníìkì kan yọ tamọsítáàtì rẹ̀ dànù, ó ní ilẹ̀ tiwa gbóná tó, a kò nílò rẹ̀. Èmi náà sì ń pọn omi kànga sí rédíétọ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà, ọkọ̀ hó ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Dípò kí n dúró, mo ní n ó tiraka dé ìlú tí ó wà níwájú. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.

Mo lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò wa. Onídùúró méjì ni ó fọwọ́ sí i fún mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá kan tí ń ta aṣọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni n kò lè san owó náà. Ní oṣù kẹta yẹn ni ìyá yìí béèrè fún ẹ̀yáwó tirẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ sì dá a dúró nítorí pé gbèsè tí ó dúró fún kò lọ déédéé. Ìyá náà kò bú mi. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Ọmọ mi, ìwé àwọn ẹlòmíràn ni o máa ń yẹ̀ wò. Ta ní ń yẹ ọkọ̀ tìrẹ wò?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà, tí mo sì ń lọ jókòó ti mẹkáníìkì àgbà kan ní ọjọ́ Sátidé láti kọ́ iṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ Ó JẸ́

Orúkọ Mẹ̀sí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nínú Mẹ̀sí ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed sí ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 1976. Ọkọ̀ náà ni wọ́n gbé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan. Ní ọdún 1976 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Daimler-Benz ní Jámánì gbé irú èyí tí wọ́n ń pè ní W123 jáde. Ní ìparí 1984 ni W124 tẹ̀lé e, òun sì ni V-boot tiwa. Wọ́n ṣe é títí di àárín ọdún 1990 sí 2000, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní mílíọ̀nù 2.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ṣì ń rìn ni pé irin rẹ̀ nípọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì rọ́bà láti yí ohun tí ó wà lórí rẹ̀, ìdè rẹ̀ sì ṣeé tú pẹ̀lú sípáná. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: irin ọkọ̀ yìí kì í tètè kú. Rọ́bà, ike, òjé tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀, àti àwọn ohun olómi inú rẹ̀ ni ó máa ń kú. Nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí kò wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pààrọ̀ wọn ní àsìkò, àwọn ni ó ń ba irin olówó ńlá jẹ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

1. ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé owó, kò ní pẹ́ tí yóò fi túká. Bákan náà ni ọkọ̀ àgbà. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sínú ọkọ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́, iye máìlì tàbí kìlómítà tí ó wà lójú gééjì, ohun tí ẹ pààrọ̀, iye tí ẹ rà á, àti ibi tí ẹ ti rà á. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé ohun kan ti bàjẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yìí ni yóò sọ fún yín bóyá ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì, bóyá ohun kan náà ni ẹ ń rà léraléra, àti bóyá ó yẹ kí ẹ tà á. Èmi kì í gbàgbọ́ nínú àkápò tí ń fi orí pamọ́ owó. N kò sì gbàgbọ́ nínú onímọ́tò tí ń fi orí pamọ́ àtúnṣe.

2. OMI ẸŃJÌNNÌ

Ibí yìí ni mo ti jìyà, nítorí náà ni n ó fi dúró pẹ́ díẹ̀. Lójú gééjì ooru ọkọ̀ yìí, ẹ ó rí 40, 80 àti 120. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ọwọ́ gééjì yẹ kí ó wà ní ìtòsí 80 tàbí kí ó lé díẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀sán gangan, ó lè gun òkè sí ìtòsí 100 kí ó sì tún padà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò padà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ bá wà. Ẹ má ṣe tiraka dé ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí a yọ tamọsítáàtì. Ọ̀nà méjì ni omi lè gbà nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọ̀nà kan gba inú rédíétọ̀ lọ, kí omi lè tutù. Ọ̀nà kejì jẹ́ ọ̀nà àbùjá, tí ó dá omi gbígbóná padà sínú ẹ́ńjìnnì. Tamọsítáàtì ni aṣọ́nà àárín méjèèjì. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 87, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ó sì ń ti ọ̀nà àbùjá. Bí a bá yọ ọ́ dànù, ọ̀nà àbùjá yóò ṣí sílẹ̀ títí, apá kan nínú omi yóò máa yí po láìdé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ rárá. Ohun tí a ṣe kí ọkọ̀ lè tutù ni ó ń mú kí ó gbóná lórí òkè àti nínú ìrìn-àjò gígùn.

Èkejì ni omi kànga. Ara ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ irin, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Omi lásán, pàápàá èyí tí ó ní iyọ̀ ilẹ̀, máa ń jẹ alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń di ihò wẹ́wẹ́ rédíétọ̀. Ẹ lo kúlántì gidi, kí ẹ pò ó mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Kí a tó sọ pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé:

(a) Ìdérí ike omi. Òun ni ó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ omi kí ó má baà tètè hó. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti sán, ẹ ra tuntun.

(b) Àwọn rọ́bà omi. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Èyí tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tàbí tí ó le tí ó ń sán, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

(d) Fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ẹ sì ti pa á, ẹ fi ọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kí ó takú díẹ̀. Bí ó bá ń yí wọ̀ọ̀wọ̀ láìdúró, ìdè rẹ̀ tí ó ní ọ́ìlì nínú ti kú, kò ní fẹ́ afẹ́fẹ́ tó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

(e) Iwájú rédíétọ̀. Ẹ fi omi tí kò lágbára púpọ̀ fọ eruku àti kòkòrò kúrò láàárín rẹ̀, láti ẹ̀yìn sí iwájú.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi náà yóò tú jáde bí ọta, ó sì lè bó ojú ènìyàn.

3. Ọ́ÌLÌ

Ọ́ìlì bí lítà 5 ni ẹ́ńjìnnì 230E ń gbà. Nínú ooru tiwa, 15W-40 tàbí 20W-50 tí ó jẹ́ ojúlówó tó fún un. Nínú eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa, èmi kì í jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 5,000 kí n tó yí i pẹ̀lú fílítà rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ, ènìyàn sì lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Gééjì ọ́ìlì ọkọ̀ yìí máa ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dé 3 nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ọkọ̀ sì dúró, ó lè wálẹ̀ púpọ̀; ìwé ilé-iṣẹ́ gbà á láyè títí dé 0.3, bí ó bá ṣáà ti gun òkè lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tẹ iná. Mo mọ ẹni tí ó yá owó láti tú ẹ́ńjìnnì nítorí gééjì yìí, nígbà tí kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ iná tí kò gun òkè, ẹ pa á.

4. GÍÀ

Gíà aláìfọwọ́yí ọkọ̀ yìí lágbára gan-an bí ọ́ìlì rẹ̀ bá mọ́. Bí a ṣe ń wo ọ́ìlì gíà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ kí ó gbóná, ẹ gbé e sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ fi gíà sí P, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fa ọ̀pá yọ. Aṣọ tí kò ní òwú tí ń já ni kí ẹ fi nù ún. Ọ́ìlì pupa tí ó mọ́ ni ó dára. Bí ó bá ti di aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà rẹ̀.

Ohun mìíràn ń bẹ. Bí gíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò gìrì nígbà tí ó bá ń yí, ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kí ẹ lọ ra gíà mìíràn. Ẹ ní sùúrù. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sí ọ̀dọ̀ gíà, tí ń gbé ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ lọ láti sọ fún gíà bí ẹ ti tẹ iná tó. Rọ́bà ìdí páìpù yìí máa ń sán. Bí ó bá sán, gíà yóò rò pé ẹ tẹ iná dé ìdí, yóò sì máa yí pẹ̀lú ipá. Rọ́bà tí kò gùn ju ìka lọ ni yóò yanjú rẹ̀.

5. INÁ ÀTI WÁYÀ

Bí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró, tí kò tètè ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tí iná ABS sì tàn lójú gééjì, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Lẹ́yìn bátìrì, lábẹ́ ìbòrí ike, ẹ ó rí rìléè kan tí ó ní fíùsì lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí iná tí ó pọ̀ jù má baà jó o. Ẹ yẹ fíùsì rẹ̀ wò. Bí fíùsì bá pé, òjé inú rìléè náà ni ó sábà máa ń sán nítorí ooru àti ìgbọ̀nrìrì ọdún púpọ̀. Ti epo náà ní rìléè tirẹ̀. Bí òjé tirẹ̀ bá sán, ọkọ̀ lè kú nígbà tí ó bá gbóná kí ó sì tún ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá tutù. Wọ́n ti bá mi ra pọ́ǹpù epo méjì rí kí n tó mọ èyí. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa ni ó fi òjé jó o padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Ara wáyà ẹ́ńjìnnì àwọn kan tí wọ́n ṣe láàárín 1993 sí 1995 kì í pẹ́. Ooru máa ń mú kí ó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà gbígbẹ, wáyà á sì máa kan ara wọn. Ẹ rọra tẹ wáyà náà kí ẹ tó san owó.

6. BÙRÉÈKÌ ÀTI ẸSẸ̀ ỌKỌ̀

Ọ́ìlì bùréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, yóò hó nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ yín yóò sì wọlẹ̀ láìdi ọkọ̀ mú. DOT 4 ni kí ẹ lò, kí ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ọdún kan, kí ó má sì kọjá méjì. Ẹ máa wo páàdì bùréèkì àti bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ iwájú ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ bá já lójú ọ̀nà, táyà yóò yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń sún síwájú di ìparí oṣù.

7. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE FÚNRA WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró lórí jáàkì nìkan. Jáàkì lè yọ̀. Ẹsẹ̀ irin tí ó nípọn ni kí ẹ fi gbé ọkọ̀ ró ní ibi tí ó le, kí ẹ sì fi òkúta há táyà. Ẹ má ṣe tú ojú ọ̀nà epo lójijì, nítorí agbára epo inú rẹ̀ tó 5 bar, ó sì lè tú sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná kí iná sọ. Orí ẹ́ńjìnnì, inú gíà, àti ohun èlò tí ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọ̀gá ni. N kò sọ pé kí ẹ kọ mẹkáníìkì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ rẹ̀ ni mẹkáníìkì gidi máa ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni àwọn kan ń fi kọ́ iṣẹ́.

8. ÀWỌN IRINṢẸ́: IBI TÍ ẸGBẸ́ TI WỌ Ọ̀RỌ̀

Jáàkì ńlá, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, sípáná tí ń wọn agbára tí a fi ń di ìdè, àti mítà tí a fi ń wọn iná wọ́n fún ẹnì kan. Àwa márùn-ún tí a ní ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, a rà wọ́n. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni wọ́n wà, ẹni tí ó bá gbé wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan nù yóò san án padà. Bí a bá sì fẹ́ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà bíi Ládípọ̀ ní Mushin, ẹnì kan ṣoṣo ni a ń rán, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀yà àtijọ́, kí a má baà ra ayédèrú. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ń dín kù fún gbogbo wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

ỌRỌ̀ ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ̀wé béèrè fún owó àtúnṣe ọkọ̀, ẹ ní kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà wá. Ẹ béèrè ohun tí ó bàjẹ́ gan-an, àti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe láti fi ìyà jẹ ẹ́. Rìléè kan tàbí rọ́bà kan lè gba òun àti onídùúró rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè oṣù méjìdínlógún.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tèmi ṣì ń gbé mi lọ sí àyẹ̀wò ẹgbẹ́ títí di òní. Mo ti san gbèsè yẹn tán, ìyá alásọ sì ti gba ẹ̀yáwó tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti parí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí mo fi dá a dúró kò ṣeé dá padà fún un. Nígbàkigbà tí mo bá ń da kúlántì sínú ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.